Fọ́tò Tí Kò Ní Orúkọ

   

Àwọn tó mọ̀ mí ní Èjìgbò mọ̀ pé bí àpò Ifá bá wà ní èjìká mi kan, kámẹ́rà máa ń wà ní èjìká kejì. Kì í ṣe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. N ò ní ṣọ́ọ̀bù, n kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ràn kí n máa rìn, kí n máa wò, kí n sì mú díẹ̀ nínú ohun tí mo rí bọ̀ wálé. Láàárín ọdún kan sẹ́yìn, mo ti bá wọn ṣe ọdún nílùú wa níbí àti ní àwọn ìlú tó yí wa ká, mo sì ti rin ọ̀nà oko pẹ̀lú. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ìrìn náà bá yín sọ: fọ́tò tí kò ní orúkọ, ọmọ òrukàn ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Èjìgbò kò jìnnà sí àwọn ìlú ńlá. Ẹdẹ tó nǹkan bíi kìlómítà 24, Ògbómọ̀ṣọ́ bíi 30, Òṣogbo bíi 40. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ Òrìṣà Ògìyán, àwọn ará ibòmíràn ló ń wá bá wa. Òrìṣà funfun ni, ìdílé Ọbàtálá, jagunjagun tó fẹ́ràn iyán bí ẹ̀mí ara rẹ̀. Iyán náà ló wà nínú orúkọ rẹ̀ yẹn, orúkọ yẹn náà sì ni oyè ọba wa títí dòní. Nígbà tí iṣu tuntun bá jáde, tí odó bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti agboolé dé agboolé, kò sẹ́ni tí ó ní láti sọ fún ọmọ Èjìgbò pé ọdún ti dé.

Ọjọ́ ọdún, funfun ni gbogbo ibi. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀ yóò rí iṣẹ́. Aṣọ funfun nínú oòrùn ọ̀sán máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Bó bá ti rí funfun tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò dín in kù, gbogbo ojú á wá dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ ṣí i kí ojú lè hàn, aṣọ náà á tàn yòò, ẹ ò ní rí bí wọ́n ṣe ró o, ẹ ò ní rí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lórí rẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń tètè jí lọ. Láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, oòrùn ṣì rọ̀, ojú àti aṣọ á jọ hàn. Bí oòrùn bá ti wá le, mo máa ń wá ibi tí àwọn ìyá bá jókòó sí lábẹ́ igi tàbí lábẹ́ òrùlé. Òjìji dára fún aṣọ funfun ju oòrùn lọ. Ẹ̀yin ọmọ tó ń lo fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ fẹ́ yà lórí gíláàsì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yà á. Ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ohun tí a tún fi mọ ọdún Ògìyán ni pàṣán àtòrì. Ìlú á pín sí méjì, Ìsàlẹ̀ Òṣòlò lápá kan, Òkè Màpó lápá kejì, wọn á sì fi pàṣán pàdé ara wọn. Bí àjèjì bá rí fọ́tò rẹ̀, ìjà ni yóò pè é. Ọmọ wa pàápàá lè pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ sáà mọ̀ pé Èjìgbò kò sí ní Èjìgbò nìkan. Láti ayé àwọn bàbá wa ni àwọn èèyàn wa ti ń lọ sí Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì wà ní Abidjan tó gbọ́ Faransé kó tó gbọ́ oríkì ilé bàbá rẹ̀. Inú fọ́tò ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń kọ́kọ́ rí ọdún wa. Bí a kò bá kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn, kí ni yóò rí? Àwọn géńdé tó ń na ara wọn ní ìgboro.

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí pàṣán yẹn rèé. Pierre Verger kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Orixás, tó jáde ní Brazil lọ́dún 1981. Ó ní awo kan wà, ọ̀rẹ́ ọba. Òun ló yẹ̀ ọ̀nà wò fún ọba nígbà tó fẹ́ tẹ ìlú dó, tó sọ ẹbọ tí wọn yóò rú kí ibẹ̀ lè gbòòrò. Lẹ́yìn náà awo bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi padà dé, abúlé ti di ìlú ńlá, ọba ti ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Awo béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì pe é ní Ògìyán, orúkọ ìnagijẹ tó máa ń pè é látijọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kí ló dé tó fi ń rí ọba fín. Wọ́n lù ú, wọ́n tì í mọ́lé. Ọdún méje gbáko ni ìlú fi dàrú: òjò kò rọ̀, àwọn obìnrin kò bímọ. Ìgbà tí ọba wá mọ ìdí rẹ̀, ó tú ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Awo gbẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ará ìlú máa fi àtòrì na ara wọn lọ́dọọdún.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Orúkọ ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe orúkọ pè é, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sì fi ìyà jẹ ẹ́. Pàṣán tí ẹ ń rí nínú fọ́tò yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni, ètùtù ni, kì í ṣe ìjà. Kámẹ́rà kò lè sọ ìyẹn. Ẹnu èèyàn ló lè sọ ọ́.

Verger tí mo dárúkọ yìí, ó yẹ kí ẹ̀yin ọmọ mọ̀ ọ́n. Ará Faransé ni, ìlú Paris ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1902. Ayàwòrán ni kó tó di ohunkóhun. Kámẹ́rà Rolleiflex tí wọ́n ń gbé sí àyà wo ló fi rin ayé já. Ó dé Salvador ní Bahia lọ́dún 1946, ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú kò gbàgbé Òrìṣà. Lẹ́yìn náà ló wá sí ilẹ̀ wa. Ní 1953, ó tẹ Ifá ní Kétu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí. Ó tó 62,000 nẹ́gátíìfù tó fi sílẹ̀ kó tó kú ní 1996. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé, nígbà tó kó 2,000 nẹ́gátíìfù tó yà ní ilẹ̀ Áfíríkà lọ fún ọ̀gá ilé ìwádìí tó rán an níṣẹ́ ní Dakar, ọ̀gá náà, Théodore Monod, ní fọ́tò nìkan kò tó, àfi kó kọ ohun tó rí. Kò wù ú láti kọ̀wé, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Ìwé tó ti ibẹ̀ jáde ní 1957 wà lára ohun tí àwọn ará Bahia àti àwa náà fi ń mọ ara wa lónìí. Ní Bahia, Oxaguian ni wọ́n ń pe Ògìyán wa, odó rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣọdún odó náà fún un.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Èjìgbò. Ní agboolé kan tí wọ́n pè mí sí láti wá dífá, mo rí fọ́tò kan tí wọ́n mú jáde láti inú àpótí irin. Dúdú òun funfun ni. Ìyá márùn-ún ló jókòó lórí àga gígùn, gbogbo wọn wọ aṣọ funfun, ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ́ṣẹ́ẹfun lọ́rùn wọn. Olóòṣà ni wọ́n, ọjọ́ ọdún ni. Ìyá tó dàgbà jù nílé náà dá mẹ́ta mọ̀, ó dárúkọ wọn, ó sì kì wọ́n. Ó wo méjì tó kù títí, ó ní òun ò mọ̀ wọ́n. Mo yí ẹ̀yìn fọ́tò náà wò. Òǹtẹ̀ ayàwòrán nìkan ló wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó gba owó wà, orúkọ àwọn tó sanwó kò sí.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ẹ̀sìn tiwa. Nígbà tí wọ́n bá ń ta omi sílẹ̀ fún àwọn ìyá ilé náà, orúkọ ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ pè é? Wọ́n gbà mí láyè kí n ya fọ́tò náà sínú fóònù. Mo ń fi han àwọn àgbà bí mo ṣe ń lọ tí mo ń bọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà kan, ìyá kan tó ń ta irú gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wo ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni kẹrin, ó wo bó ṣe ká gèlè.

Ó ní, "Bàbá awo, níbo lẹ ti rí èyí? Ìyá tó bí ìyá mi nìyí o!"

Kò rí fọ́tò ìyá náà rí láyé rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sídìí igbá irú rẹ̀, ó ń kí ìyá rẹ̀ àgbà. Wọ́n ti kọ orúkọ ẹni kẹrin sẹ́yìn fọ́tò báyìí, ìyá onírú náà sì ti mọ agboolé tí yóò máa lọ bí wọ́n bá ń ṣọdún. Ẹni karùn-ún ni mo ṣì ń wá.

Àwọn ìlú tó yí wa ká ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Mo lọ sí Ẹdẹ, ìlú Tìmì, níbi tí Ṣàngó ti jẹ́ àgbà. Ní Ẹdẹ, orí wọn dára, nítorí pé ẹnì kan jókòó kọ ọdún wọn sílẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò. Ulli Beier, ará Jámánì, tó wá sí Ìbàdàn lọ́dún 1950 láti kọ́ni ní yunifásítì, kó lọ gbé ní Ẹdẹ. Ní 1959, ó tẹ ìwé kan jáde lórí ọdún Òrìṣà tí wọ́n ń ṣe nínú ìlú náà láàárín ọdún kan. Tìmì ìgbà náà, Ọba Adétóyèṣe Láoyè, mọ ìlù ju ọ̀pọ̀ onílù lọ. Irú ọba bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọdún Ẹdẹ ṣe rí láyé àwọn bàbá fi ní ohun tí yóò gbé síwájú wò.

Ní Òṣogbo, nǹkan yàtọ̀. Igbó Ọ̀ṣun tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé láti 2005. Adùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, tó kú ní 2009, wà lára àwọn tó fi ayé wọn dí ọ̀nà kí wọ́n má bàa gé igbó náà. Ní oṣù kẹjọ, tí Arugbá bá ń bọ̀ pẹ̀lú igbá lórí, kámẹ́rà tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Àwọn mìíràn gbé ti wọn gùn bí ọ̀pá ìbọn. Fọ́tò Arugbá kò wọ́n láyé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n yí kámẹ́rà tèmi sí ẹ̀yìn. Mo ya àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ, mo ya onílù tó ń gbé awọ ìlù rẹ̀ sóòrùn, mo ya ọmọbìnrin kan tó di omi odò mú sínú kẹ́ẹ̀gì fún ìyá rẹ̀ tí kò lè wá. Mo béèrè orúkọ wọn kí n tó yà wọ́n, mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó ń bẹ lápò mi. Bí ẹ bá lọ sí ọdún tí kámẹ́rà pọ̀ sí, ẹ wá ẹni tí ẹnikẹ́ni kò yà.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kámẹ́rà jẹ́ ohun òyìnbó tí kò kan Òrìṣà. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, nínú ìpínlẹ̀ wa níbí, àwọn ayàwòrán ọmọ Yorùbá ti fi fọ́tò ṣe iṣẹ́ ère ìbejì. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á ya èyí tó wà láyé, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, wọn á wọ aṣọ ọkùnrin fún alààyè, wọn á yà á, wọn á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọn á yà á. Àwọn ìyá gba fọ́tò náà bí wọ́n ṣe ń gba ère. Ta ló sọ fún ẹni tó bá rí i pé ọmọ kan ló di méjì yìí? Ilé ló mọ̀. Bí ilé kò bá sọ ọ́, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rí ọmọ méjì, á sì kọjá lọ.

Mo sọ pé mo rin ọ̀nà oko pẹ̀lú. Ẹni tó ń bọ Òrìṣà tí kò mọ igbó, ìdajì ẹ̀sìn ló ń ṣe. Ní ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi igbá máa ń so òdòdó pupa rọ̀ bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi okùn so kọ́. Lékèélékèé á máa tẹ̀lé màlúù nínú pápá, funfun wọn á máa ránni létí Òrìṣà. Àwọn ẹ̀gà á ti ya imọ̀ ọ̀pẹ tán, wọn á fi kọ́ ilé sórí rẹ̀, ariwo wọn á gba gbogbo oko. Bí ọyẹ́ bá dé, ojú ọ̀run á rí bí ẹni pé wọ́n fi eérú fọ́ ọn. Ìmọ́lẹ̀ á rọ̀, igi tó wà lọ́nà jíjìn á parẹ́, èyí tó wà nítòsí á dá dúró gedegbe. Nígbà yẹn ni mo fẹ́ràn láti máa ya igi.

Fún àwọn ọmọ awo ni mo ṣe ń ya ewé. Fọ́tò ewé kan ṣoṣo kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Mo máa ń ya iwájú ewé, mo máa ń ya ẹ̀yìn rẹ̀, mo máa ń ya ibi tó ti lẹ̀ mọ́ igi, mo sì máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó. Bó bá ní òdòdó tàbí èso, mo máa ń padà lọ nígbà tó bá yọ. Báyìí ni mo ṣe ya akòko tí wọ́n fi ń jẹ oyè, báyìí ni mo ṣe ya pèrègún, báyìí ni mo ṣe ya àtòrì fúnra rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa mọ pàṣán rẹ̀ láìmọ igi rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú Ifá, ewé kì í dédé ṣiṣẹ́. A ní láti pe orúkọ rẹ̀ nínú ọfọ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀. Fọ́tò ewé tí a kò kọ orúkọ sí lára kò yàtọ̀ sí koríko. Àwọn igi mìíràn tí mo yà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ti gé wọn, wọ́n ti kọ́ ilé síbẹ̀. Fọ́tò ló kù, orúkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sì jẹ́ kí ọmọ awo mọ ohun tí yóò lọ wá níbòmíràn.

Mo gbọ́ tí àwọn àgbà kan ń sọ pé kí wọ́n lé gbogbo kámẹ́rà kúrò lójú Òrìṣà. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Àwọn ọmọ kan ti gbé ohun tó jẹ́ ti inú lọ sórí Facebook, ohun tó bá sì ti débẹ̀ kì í padà wálé mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá lé kámẹ́rà ilé lọ, ti àlejò ni yóò kù. Ohun tí mo rí pé ó dára ni kí a pín ọ̀ràn náà sí mẹ́ta. Èkíní ni ohun ìta gbangba: ijó, ìlù, ìwọ́de, oúnjẹ, aṣọ. Ẹ yà á, ẹ fi ránṣẹ́ sí Abidjan, ẹ fi ránṣẹ́ síbi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ yà. Èkejì ni ohun ilé: ojúbọ, àwọn àgbà tó wà nídìí rẹ̀, ìṣọmọlórúkọ. Kí olórí ilé fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó yà á, kó sì jókòó sínú àpótí ilé. Ẹ̀kẹta ni awo. A kì í ya igbódù. A kì í ya egúngún níbi tó ti ń wọ agọ̀. A kì í ya Orò, nítorí fọ́tò kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, ojú gbogbo ló ń bọ́ sí. Níbẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà sínú àpò, kẹ́ ẹ fi ojú yà á, kẹ́ ẹ fi ọkàn pa á mọ́. Ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n yóò ti ẹnu àgbà gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ tí mo ń bẹ̀ yín sí kí ìwé ìròyìn wa tó ń bọ̀ tó jáde kò pọ̀. Ẹ ṣí àpótí. Ẹ kó fọ́tò tó wà níbẹ̀ jáde, ẹ gbé wọn lọ bá àgbà tó dàgbà jù nílé, ẹ jókòó tì í. Kẹ́ ẹ lọ láàárọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Orúkọ tó bá pè, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ rọra sẹ́yìn fọ́tò, nítorí tàdáwà bírò lè jà dé iwájú. Ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ agboolé, ẹ kọ Òrìṣà tí ẹni náà ń bọ, ẹ kọ ọdún tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò bá dá mọ̀, ẹ má sọ fọ́tò rẹ̀ nù. Ẹ gbé e lọ sí agboolé tó kàn, ẹ gbé e lọ sí ọjà. Èyí tó wà nínú fóònù, ẹ tẹ díẹ̀ jáde sórí ìwé, torí pé fóònù ń bọ́ sómi, olè sì ń jí i.

Kí Òrìṣà Ògìyán jẹ́ kí iṣu ta lọ́dún yìí. Kí Ọ̀rúnmìlà má jẹ́ kí orúkọ wa pa rẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Ọdún tí a ṣe yìí, a ó ṣe ẹ̀ẹ̀míì, tọmọtọmọ, tìyàwó tọkọ. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.